Kọ́là Tí Áyọ́ọ̀nù Kò Kàn

Bàbá Áyọ́ọ̀nù ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, mi ò sì bínú sí i. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ dírẹ́bà, ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi ni mo fàbọ̀ sí. Òun ló ń ránṣọ, èmi ni mò ń lọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì tèmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, a ó sì máa bára wa jà láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ lórí ẹni tó gbé àlùmọ́gàjí.

Ìyàwó mi mọ aṣọ rán, ṣùgbọ́n kọ́là ló fi gbajúmọ̀. Ẹni tó bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó rán, ọrùn onítọ̀hún á dúró bíi ti ọ̀gá, ì báà jẹ́ mẹ́síńjà. Nígbà tí kọ́là wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, torí ọ̀dọ̀ mi ni aṣọ ń gbà kọjá. Etí kan á gùn ju èkejì lọ, ojú abẹ́rẹ́ ò ní tọ́. Mo gbójú sókè lọ́jọ́ kan, mo sì rí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lórí aṣọ. Ó ń gbọ̀n.

Ojú rí, ẹnu dákẹ́. Mo po sítáàṣì kó ki dáadáa, mo wọ́n omi sí kọ́là, mo fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná fà á síbí fà á sọ́hùn-ún títí ó fi jọ ohun tó gún. Mi ò sọ fún un. Òun náà ò sọ fún mi. Ohun tó sọ ni pé, "Bàbá wọn, ẹ̀rọ yìí mà ti ń gbọ̀n jù. Bí kò bá yé gbọ̀n, màá tà á, màá lọ jókòó sílé."

Jókòó sílé kẹ̀! Obìnrin tó jẹ́ pé lọ́jọ́ ìsinmi, aṣọ fèrèsé ilé ló ń tú, tó ń tún un rán. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé bó bá fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló máa lọ lára rẹ̀.

Káfíńtà tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ló sọ fún mi nípa yunifásítì. Ó ní ẹ̀ka kan wà níbẹ̀ tó ń ran àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́, pé àwọn ló bá òun ṣe ẹ̀rọ tó ń fa ìyẹ̀fun igi, tí ikọ́ òun fi lọ. "Ẹ lọ bá wọn, Bàbá. Ẹ ṣáà sọ ohun tó ń ṣe yín gan-an."

Mo lọ. Wọ́n mú mi jókòó síwájú olùkọ́ kan, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ki bírò bọ inú irun. Mo ní, "Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó mi ló ń gbọ̀n." Irọ́ ni mo pa, mo sì mọ̀.

Lọ́jọ́ tí olùkọ́ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, ó lẹ nǹkan kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ mọ́ ara ẹ̀rọ, ó sì gbé kọ̀ǹpútà lé orí tábìlì mi láì tọrọ ààyè. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi wò mí, mo bá gbé ike sítáàṣì mi kúrò lọ́nà.

"Màmá, bí ẹ̀rọ yìí bá ń gbọ̀n ju bó ṣe yẹ lọ, ìlà ojú kọ̀ǹpútà yìí á máa fò."

Ó tẹ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ìlà náà ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó yẹ bẹ́líìtì wò, ó tú ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò, ó kán epo sí i. "Kò sí nǹkan tó ṣe ẹ̀rọ yìí o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán nǹkan díẹ̀ kí n wò ó."

Ìyàwó mi ò dìde. Ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀, ó ń wolẹ̀. Mo ti bá obìnrin yìí gbé títí irun wa fi funfun, mi ò rí i kó wolẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Bó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ, àṣírí á tú. Bí kò bá jókòó, olùkọ́ á palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ṣọ́ọ̀bù á sì di títì.

Mo bá lanu. "Èmi ni mò ń rán kọ́là. Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n."

Olùkọ́ wò mí. Ìyàwó mi náà wò mí.

"Ẹ̀yin, sà?"

"Èmi kẹ̀. Òun ló ń rán ìyókù."

"Ó dáa, sà. Ẹ bá mi rán ọ̀kan."

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Tèmi ò ní ẹwà kankan nínú. Mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn rí àfi láti nu eruku ara rẹ̀. Mo ki aṣọ bọ abẹ́ abẹ́rẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà tí mò ń tẹná mọ́tò lójú ọ̀nà tó dá. Ẹ̀rọ ké, aṣọ sáré, òwú ta kókó. Nígbà tí mo ní kí n dìde, mi ò lè dìde. Mo ti rán apá ṣẹ́ẹ̀tì ara mi mọ́ kọ́là.

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, nígbà tó sì yá, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ṣì ni. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó wá tú mi sílẹ̀. Ẹnu àlùmọ́gàjí náà ń lu bọ́tìnì ọwọ́ mi, kọ́-kọ́-kọ́. Gbogbo wa la gbọ́ ọ.

"Ọmọ mi," ló sọ fún olùkọ́, kò sì wolẹ̀ mọ́, "má dá bàbá yìí lóhùn. Ọwọ́ tèmi ni."

Mo di ọwọ́ náà mú. Kò gbà á lọ́wọ́ mi.

Olùkọ́ ò kédàárò lé wa lórí. Ó fa bírò yọ nínú irun, ó ní, "Ìyẹn la lè ṣe nǹkan sí, mà." Àṣé fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá la ti ń ṣe. Ó wọn apá rẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ó ní ká lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn yunifásítì; a lọ, wọ́n sì fún un ní oògùn tó mú kí gbígbọ̀n náà rọlẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ padà wá pẹ̀lú pákó kan tí káfíńtà bá a gé, tó fi fóòmù bò kí apá lè sinmi lé e, àti irin pẹlẹbẹ kan tó dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́, kí etí aṣọ lè máa fara tì í kọjá. Ó tún mú ìdè ọwọ́ kan tó wúwo wá, kó lè dín gbígbọ̀n ọwọ́ náà kù.

"Ẹ ti dè mí bí ẹrù tó ń lọ ọ̀nà jíjìn," ni ìyàwó mi wí.

Kọ́là àkọ́kọ́ wọ́. Ó tú u. Èyí tó tẹ̀ lé e náà wọ́. Olùkọ́ wá sún irin náà, ó lọ, ó tún padà wá sún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó mi já òwú, ó na ṣẹ́ẹ̀tì kan sí mi, ìwọ̀n tèmi. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, etí kọ́là méjèèjì dọ́gba, síbẹ̀ mo nawọ́ sí ike sítáàṣì bí mo ti máa ń ṣe.

"Ẹ má lọ̀ ọ́," ló wí.

"Kí ló dé?"

"Ó ti pẹ́ tí áyọ́ọ̀nù yín ti ń bá mi purọ́. Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ẹ jẹ́ kí èyí lọ bẹ́ẹ̀."

Gbogbo ìgbà tí mo rò pé mò ń bò ó láṣìírí, ńṣe ló ń wò mí láti ẹ̀bá fèrèsé, tó sì ń jẹ́ kí n máa bò ó. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí jù. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà. Òun ló bá mi de bọ́tìnì. Èyí tó wà lókè pátápátá pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìka rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ àgbọ̀n mi, mo sì dúró jẹ́ẹ́ dè é.

Mo sọdá sọ́dọ̀ káfíńtà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó kígbe.

"Bàbá Áyọ́ọ̀nù! Ẹ̀yin lẹ wọ aṣọ tó rún báyìí jáde?"

"Fi aṣọ sílẹ̀ jàre," ni mo wí. "Kọ́là ni kó o wò."