Ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́ fún Aládùúrà

Ọ̀nà méjì ni ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ní, ní ìlú Siena ní Ítálì. Ẹni tó fẹ́ wo òpó gíga àti fèrèsé aláwọ̀ mèremère a gba iwájú, a ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó fẹ́ gbàdúrà a gba ẹ̀gbẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ersilia, opó arúgbó kan, ló ń ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, kò sì sí àlejò tí kì í yọ ṣùtì sí. Ọ̀bàyéjẹ́ ni gbogbo wọn lójú rẹ̀: wọ́n á gbé kámẹ́rà kọ́rùn, wọ́n á wọ ṣòkòtò péńpé, wọ́n á ní àdúrà làwọn bá wá. Á ní kí wọ́n ka Ayaba Ọ̀run, àdúrà tí àwọn Kátólíìkì ń gbà sí Màríà, fóun láìwo ìwé. Tó bá di ìlà kẹta, ahọ́n wọn á lọ́, Ersilia á sì nawọ́ sí iwájú fún wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àlùfáà tuntun, Don Ruggero, wá dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹjọ́ yín ti pọ̀ jù, Màmá. Bí mo bá tún rí i pé ẹ lé aládùúrà kan ṣoṣo, màá gbé àga yín kúrò níbí."

Àga yẹn nìkan sì ló kù tí Ersilia fi ń níyì láàárín ìlú.

Ọkùnrin kan dé tòun ti irùngbọ̀n játijàti àti sálúbàtà.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Mo fẹ́ gbàdúrà."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo yín ń wí. Ka ti Ayaba Ọ̀run kí n gbọ́."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀. Ó dé ìlà kẹta, ó dákẹ́.

Ersilia fi í rẹ́rìn-ín, ó bojú wẹ̀yìn. "Fadá, ẹ rí i báyìí? Ọ̀gbẹ́ni, iwájú ni ti àwọn òǹwòran."

"Ìyá mi ló máa ń bá mi parí ẹ̀," ọkùnrin náà ní. "Àná la sin wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi parí ẹ̀."

"Kí ló le níbẹ̀?" Ersilia gbé imú sókè, ó ka ìlà kìíní, ó ka ìkejì, ó ka ìkẹta, ẹnu rẹ̀ sì dúró. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló tún há sí. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń dá èèyàn padà ní ìlà kẹta. Òun fúnra rẹ̀ kò kọjá ibẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Ojú tì í débi pé kò lè wo òkè.

Don Ruggero bá ọkùnrin náà parí àdúrà, ó sì mú un wọlé. Nígbà tó padà dé, ó di àga Ersilia mú.

"Ẹ dìde, Màmá. Iwájú ni ti àwọn òǹwòran."