Bàbá Fajigi àti Ẹ̀wà Ilé Jara

Ó ti tó ọgọ́ta ọdún tí Bàbá Fajigi Jabatẹ ti ń bú àwọn ará ilé Jara ní ìlú Kita pé ajẹ̀wà ni wọ́n. Àwàdà ìdílé sí ìdílé ni, àwọn náà a sì máa bú u padà. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ le: ó ní òun ò fẹnu kan ẹ̀wà rí.

Nígbà tí Nakani ọmọ rẹ̀ kó ẹgbẹ́ olórin jọ, tó fi gìtá oníná àti ìlù òyìnbó kún orin àwọn baba wọn, bàbá gbà láti máa lu balafoonu, ohun èlò orin onígi, fún wọn. Wáyà ni kò fẹ́ rí. Ó ní òun kì í ṣe ewúrẹ́ tí wọn ó so mọ́lẹ̀. Ni Nakani bá wá maikì kékeré kan tí kò ní wáyà, ó fi há a lọ́rùn ẹ̀wù.

Ibi ìgbéyàwó nílé Jara ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó. Bó ṣe kan Nakani láti dá ta gìtá, bàbá ní òun fẹ́ lọ tọ̀ lẹ́yìnkùlé. Kò pẹ́ tí ohùn rẹ̀ fi gba inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn jáde, ó ń bá Wasa, àǹtí ìyàwó tó ń dáná, sọ̀rọ̀.

"Wasa, bù ú kún dáadáa. Da òróró sí i."

"Bàbá, ẹ̀wà mà ni o."

"Mo mọ̀. Rọra sọ̀rọ̀. Ta ni yóò gbọ́?"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ọ tó ń jẹun, wàmù-wàmù, wàmù-wàmù. Ojú ti Nakani débi pé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára gìtá. Àmọ́ Solo onílù ti ń fi ìlù tẹ̀lé ẹnu bàbá, àwọn àgbà ilé Jara sì ti dìde, wọ́n ń jó. Nakani tẹ́tí: ó dùn. Ó tún gbá gìtá mú, ó ń ta á tẹ̀lé wọn.

Bàbá padà dé, ó ń nu ẹnu. "Orin tuntun wo rèé? Ó mà dáa o."

"Orin ọ̀nà ọ̀fun yín ni," baba ìyàwó dá a lóhùn. "Ẹ káàbọ̀ sínú ẹbí ajẹ̀wà."

Bàbá fọwọ́ kan ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Maikì ṣì wà níbẹ̀.

"Mo ní kí n tọ́ ọ wò fún àwọn àlejò ni."

Wasa gbé odindi ìkòkò wá sáàárín agbo. "Ẹ bá wa tọ́ ìyókù wò."

Ló bá jókòó, ó jẹ ẹ́ lójú gbogbo ayé. Orin yẹn ni gbogbo Kita ń béèrè fún báyìí, bàbá kì í sì í bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àfi bí ẹ̀wà bá gbóná.