Agẹṣin Inú Àwòrán

Kò sí ìkankan nínú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹṣin náà tó kanlẹ̀. Ọkùnrin tó gùn ún tẹ̀ síwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi àgbọ̀n lé e lọ́rùn. Doyin sún fóònù mọ́ ojú Ọládiméjì, bàbá bàbá rẹ̀.

“Grandpa, ẹ wò ó. Online ni mo ti rí i. Wọ́n ní Èkó ni, lọ́dún 1931. Akíntọ́lá Olúsànmí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣé ẹbí wa ni?”

Ọládiméjì gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Láti ìgbà tó ti dé New York, ohun tó sọ fún ìyàwó, fún ọmọ àti fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ni pé akọ̀wé rélùwéè ni bàbá òun. Irọ́ náà ti lọ ju ogún ọdún lọ dáadáa. Òtítọ́ sì lé e bá láàárọ̀ Sátidé kan, nínú pálọ̀ ilé wọn ní Co-op City, ní New York níbẹ̀.

“Bàbá mi ni,” ó ní.

Ó wá sọ ọ́. Akíntọ́lá gba ife ẹ̀yẹ mẹ́ta ní pápá eré ẹṣin Èkó kí ẹṣin tó gbé e ṣubú, tí egungun itan rẹ̀ fọ́. Wọn ò tíì bí Ọládiméjì nígbà náà. Agẹṣin tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń wẹ ẹṣin fún àwọn tó ń gùn ún, iṣẹ́ yẹn ló sì fi rán ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé girama.

“Lọ́jọ́ tí mo gba ẹ̀bùn àkọ́kọ́, bàbá mi tiro wọ ọgbà ilé ìwé wa, òórùn ẹṣin ń bẹ lára wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní ìránṣẹ́ bàbá mi ni.”

“Ṣé bàbá yín gbọ́?”

“Wọ́n gbọ́. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n tẹrí ba fún mi. Wọ́n ní, ‘Ẹ kú oríire, ọ̀gá kékeré.’ Wọ́n bá yí padà, wọ́n ń lọ.”

Doyin ò lè wo ojú rẹ̀. Àwòrán ló tún tẹjú mọ́.

“Grandpa, kí lorúkọ ẹṣin yẹn?”

Ọládiméjì gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa rí bàbá rẹ̀ lórí ẹṣin. Ọdún mọ́kàndínlógún ni bàbá náà tún lò láyé lẹ́yìn ọjọ́ ẹ̀bùn yẹn. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń gbàdúrà. Kò dárúkọ ẹṣin létí ọmọ rẹ̀ mọ́.

“N ò mọ̀ ọ́n,” ó ní. “N ò bi wọ́n rí.”