Nígbà Tó Kan Ìyá Ìbejì

Orin náà ti yí ká lẹ́ẹ̀mẹta, Ìyá Ìbejì sì tún ń retí pé ó máa kan òun. Ó gbé gìtá mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó di píìkì mú gírígírí, ike pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ta okùn yẹn, ó sì ń kà á lọ́kàn: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Káfíńtà ti gba ìpín tirẹ̀ lórí báńjò, ìbátan gìtá tó ní ikùn roboto, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Nọ́ọ̀sì ti fi fáólìn gbà á, ó fi ọ̀pá rẹ̀ fà á gùn, ó sì fi dárà. Ni Káfíńtà bá gbójú sókè. Ó wo Ìyá Ìbejì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ení, èjì, ẹ̀ta...

Àfi bí Káfíńtà ṣe gbójú kúrò lára rẹ̀, tó sì fi ojú pe Nọ́ọ̀sì pé kó tún gbà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó tún ti fò ó. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé.

Inú ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà ni wọ́n máa ń jókòó sí ní ọ̀sán Sọ́ńdè, àwọn mẹ́ta péré, láàárín pákó tí wọ́n tò ti ògiri àti òórùn igi tuntun. Búlúgíráàsì ni wọ́n ń pe orin tí wọ́n ń ta. Orin àwọn ará orí òkè ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, orin olókùn, kò sí ìlù, kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, àmọ́ ó máa ń sáré bí ẹni ajá ń lé. Ohun tó dùn níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń dá orin jẹ. Ẹnì kan á gbé orin náà síwájú fún àyípo kan, àwọn yòókù á máa fi kọ́ọ̀dù, okùn mélòó kan tí wọ́n ta pọ̀, gbè é. Tó bá ti ṣe tirẹ̀ tán, á bọ́ sẹ́yìn fún ẹlòmíì. Gbígbé e síwájú yẹn ni wọ́n ń pè ní líìdì. Òun gan-an ni Ìyá Ìbejì ń fẹ́. Àyípo kan péré, kì í ṣe méjì.

Nígbà tí wọ́n ta orin tán, Káfíńtà gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò lórí ṣòkòtò rẹ̀, ó sún mọ́ ọn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ ṣoore.

"Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú rárá. Mo ti rí i pé líìdì ò wù yín. Mo ti bá Mẹkáníìkì sọ̀rọ̀, èyí tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà lẹ́yìn ilé epo. Gìtá lòun náà ń ta. Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ló máa dé. Òun á máa gba líìdì, ẹ̀yin á máa gbè é, ọkàn yín á sì balẹ̀."

Ìyá Ìbejì la ẹnu.

"Ẹ ṣeun, Ọ̀gá," ló jáde.

* * *

"Wọ́n gba ìpín ẹ lọ́wọ́ ẹ, o wá ní kí wọ́n ṣeun?"

Ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Ọgbọ̀n ọdún ló fi pín lẹ́tà kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì lè rí ohunkóhun kó má béèrè ẹni tó ni ín.

"Bàbá Ìbejì, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ ni. Ó ní líìdì ò wù mí."

"Ìwọ? Ìwọ tó jẹ́ pé oṣù mẹ́jọ rèé tí mi ò gbọ́ ìròyìn parí nínú ilé yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ló wí o. Ó tún ń rẹ́rìn-ín sí mi."

"Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín síni kọ́ ló ń yọni dànù. Ṣé ẹ jà ni?"

"A ò jà."

"Ṣé o ta á burúkú ni?"

"Mi ò tíì ta á rí! Báwo ni màá ṣe ta á burúkú?"

Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ nu agbárí. "Ṣé o rí i, orúkọ orin yẹn gan-an ò ṣeé gbára lé. Ó ní koríko búlúù lòun. Koríko wo ló ń jẹ́ búlúù?"

Ìyá Ìbejì ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé gìtá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Tẹ́lẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ orin yìí ti dàrú mọ́ ọn lójú. Ọkùnrin inú fóònù tó ń fi fídíò kọ́ ọ ní kó máa ta okùn sísàlẹ̀, sókè, sísàlẹ̀, sókè, ọwọ́ ọ̀tún ò gbọdọ̀ dúró, kódà bí kò bá kan okùn kankan. Nọ́ọ̀sì ní kó gbàgbé ọwọ́, kó máa fi etí gbọ́ orin. Káfíńtà ní bí èèyàn bá ń sáré jù, kò ní í rí ojú ọ̀nà. Ó gbìyànjú láti ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìka rẹ̀ sì ń kọsẹ̀ lára ara wọn bí èrò tó ń jáde níbi ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Oṣù mẹ́jọ ló fi há ohùn kéékèèké tí ọkùnrin inú fóònù ń ta sórí, ohùn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta láìku ọ̀kan, ó ń tò wọ́n bí ẹni ń to ìlẹ̀kẹ̀.

Ó ta á. Ọkọ rẹ̀ tẹ́tí.

"Ó yá bí ọwọ́ maṣíìnì ìránṣọ ẹ," ló wí. "Àmọ́, èwo ni orin ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ ni."

"Gbogbo ẹ̀ kọ́. Èyí tí Káfíńtà máa ń fẹnu kọ ni mò ń wí." Ó sì gbé e lóhùn bí àkùkọ tí òtútù mú:

*Ọkọ̀ ojú irin, dúró dè mí o,*
*Ẹsẹ̀ mi ò yá bíi tìrẹ;*
*Ẹrù mi ò wúwo, èmi nìkan ni,*
*Ọ̀nà ilé kan náà là ń lọ.*

Ìyá Ìbejì wo ìka rẹ̀. Nínú ohùn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, kò mọ èyí tó jẹ́ "dúró", kò mọ èyí tó jẹ́ "dè mí". Orí rẹ̀ wá fò lọ pátápátá.

"Bí wọn ò bá pè mí ní Sọ́ńdè yìí," ló wí, "orí kọ́bọ́ọ̀dù ni gìtá yìí ń padà sí. Ó parí."

* * *

Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yé e, kò sì yé e níbi tí wọ́n ti ń ta gìtá.

Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ni Ìyá Ìbejì wà, píìnì mẹ́fà láàárín ètè, ó ń ṣẹ́ aṣọ po fún yẹ̀rì àwọn ọmọ iléèwé. Ìṣẹ́po mẹ́rìnlélógún ni yẹ̀rì kan, èèyàn ò sì gbọdọ̀ ṣì í kà. Ọkọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìwé ìròyìn. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè rí búláùsì mi gbà lọ́la?"

Mẹ́tàdínlógún, méjìdínlógún, mọ́kàndínlógún...

"Háà. Ọ̀túnla ńkọ́?"

Ogún, mọ́kànlélógún...

"Kò burú, mà," obìnrin náà wí, ojú ẹ̀ fà ro. "Ẹ má bínú pé mo yọ yín lẹ́nu." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì ka mẹ́rìnlélógún pé, ó tu píìnì sọ́wọ́. "Kí ló ṣe ìyẹn? Búláùsì ẹ̀ rèé tó ti wà nílẹ̀ láti àná!"

"O ṣáà lé e lọ."

"Mi ò sọ nǹkan kan!"

"Orí ẹ ló sọ ọ́." Ọkọ rẹ̀ ò tiẹ̀ gbójú kúrò nínú ìwé ìròyìn. "Ó ní lọ́la, orí ẹ ní rárá. Ó ní ọ̀túnla, orí ẹ ní rárá, rárá."

"Kíkà ni mò ń kà!"

"Èmi mọ̀. Ṣé òun mọ̀ ni?" Ó wá fi orí ara rẹ̀ ṣe é fún un: sósì, sọ́tùn-ún, sósì, sọ́tùn-ún, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n fi oògùn kíkorò lọ̀.

Ìyá Ìbejì tẹjú mọ́ ọn. "Ìgbà wo ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ní kí o jẹ́ ká fẹ́ra, bọ́tìnnì lò ń kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi ẹkún délé. Màmá ẹ ló sá tẹ̀lé mi lẹ́ẹ̀kẹta pé, 'Ọmọkùnrin, padà wá, kò tíì gbọ́ ohun tí o sọ.'"

Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìyàwó rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ti jókòó sórí àga maṣíìnì, yẹ̀rì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Káfíńtà gbójú sókè. Káfíńtà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ení, èjì, ẹ̀ta...

"Yéè," ló wí. "Bàbá Ìbejì, ó ń pè mí! Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló fi ń pè mí, èmi sì ń sọ fún un pé rárá!"

* * *

"Pè é lórí fóònù, kí o ṣàlàyé," ọkọ rẹ̀ wí.

"Kí ni n ó sọ? Pé orí mi ló parọ́ mọ́ mi? Wọ́n sì ti pe Mẹkáníìkì."

Kò pè é. Ó kúkú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ orí rẹ̀ bí yóò ṣe dúró jẹ́ẹ́. Ó fi ẹ̀yìn orí ti ògiri, ó ta orin náà, kíkà sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ìlà kejì. Ọkọ rẹ̀ wá fi ọwọ́ méjèèjì di orí náà mú bí ẹni di ẹ̀gúsí bàrà, kíkà tún sọnù. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún wá dà bí ìjà: bí orí bá mì, wọn ò ní í pè é, bí orí ò bá mì, kò ní í mọ ibi tó wà. Títí di alẹ́ Sátidé, kò rí i mú.

Àárọ̀ Sọ́ńdè ló jókòó sídìí maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ láti fi òwú sí i, ni ẹsẹ̀ bá ń lọ fúnra rẹ̀ lórí pẹ́dà. Gìgísẹ̀, ọmọ ìka, gìgísẹ̀, ọmọ ìka. Ó dúró. Ó fọwọ́ kan orí ara rẹ̀. Orí wà ní ipò rẹ̀, ẹsẹ̀ ló ń kà á.

* * *

Mẹkáníìkì ga, gìtá rẹ̀ ń dán, ìka rẹ̀ gùn bí sípánà. Ó gbọ́n lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Nígbà tó gba líìdì àkọ́kọ́, ohùn ń tú jáde bí ẹ̀wà láti inú àpò tó ya. Nọ́ọ̀sì fi orí yìn ín. Káfíńtà tún fojú pè é, ó tún gbà á.

Ìyá Ìbejì ń gbè é. Gìgísẹ̀, ọmọ ìka. Orí rẹ̀ dúró gbọn-in bí orí ère. Ó ń retí ojú Káfíńtà, àmọ́ ojú Káfíńtà ò wá mọ́. Báńjò, fáólìn, Mẹkáníìkì. Báńjò, fáólìn, Mẹkáníìkì. Káfíńtà ti gbọ́ rárá tó, kò sì fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ìyá Ìbejì mi orí bẹ́ẹ̀ ni sí i, kò rí i. Ó tún mi orí, ògiri ló rí i.

"Ọkọ̀ ojú irin, dúró dè mí o," Káfíńtà ń kọ, ojú rẹ̀ dì.

Ni Ìyá Ìbejì bá gba àga rẹ̀ mú nídìí, ó wọ́ ọ síwájú lórí sìmẹ́ńtì. Ó han *gììrì*. Káfíńtà la ojú. Àwọn yòókù náà wò ó. Ó wá mi orí sí Káfíńtà, sókè, sílẹ̀, sókè, sílẹ̀, bí alángbá tó gun ògiri.

Ó wá kan Káfíńtà láti dàrú. Ìka rẹ̀ kọsẹ̀ lórí báńjò, ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Ó wo Mẹkáníìkì, ó wo Nọ́ọ̀sì, ó tún wo Ìyá Ìbejì. Ìlà ti ń parí lọ. Ó fi àgbọ̀n pè é bí ẹni tí kò dá lójú.

Ìyá Ìbejì gbà á.

Ohùn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta sá kúrò lórí rẹ̀ bí adìẹ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún. Kò sí ọ̀kan. Ohùn ọkọ rẹ̀ tó dà bí àkùkọ olótùútù nìkan ló kù níbẹ̀, ìyẹn ló sì ń tẹ̀lé: *dúró* rèé, *dè mí* rèé. Orin lásán, láìsí ọ̀ṣọ́ kankan. Ní ìlà kẹta, ó ṣèèṣì ta okùn mìíràn, ọwọ́ òsì sọnù, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ń lọ, sísàlẹ̀, sókè, òun àti ẹsẹ̀, títí *ọ̀nà ilé* fi yọ síta tó sì tún rí i mú. Ó tán. Ó wo Mẹkáníìkì, ó mi orí sí i pé kó gbà á, ó sì wọ́ àga sẹ́yìn.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, orin ṣì ń lọ. Mẹkáníìkì gbà á, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, díẹ̀díẹ̀ ló ń ta á, bí ẹni tó ń wá orin náà fúnra rẹ̀.

Báńjò gbà á. Fáólìn gbà á. Ara Ìyá Ìbejì ti tù ú, kò sì ronú kan nǹkan kan mọ́. Ó ti fi ètè di píìkì mú, bí ó ṣe máa ń fi di píìnì, ó ń fi àtàǹpàkò gbè wọ́n. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, orí ti bẹ̀rẹ̀: sósì, sọ́tùn-ún, sósì, sọ́tùn-ún.

Káfíńtà gbójú sókè. Ó wò ó. Ó fẹ́ gbójú kúrò, ó sì dúró.

"Ìyá Ìbejì," ó pariwo sókè ohùn báńjò, "ṣé rárá nìyẹn?"

Ìyá Ìbejì mú píìkì kúrò láàárín ètè. "Kíkà ni mò ń kà, Ọ̀gá!" ló wí, ó sì wọ́ àga síwájú.