Orúkọ Tí Mounira Fún Ọkọ Rẹ̀ Kékeré

"Tasneem!"

Àgbàlá dákẹ́ rọ́rọ́.

"Tasneem o!"

Ọmọ náà wà níbẹ̀. Mounira ń wò ó láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. Ó jókòó lórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń ṣa ìrẹsì, ó sì ń kọrin jẹ́jẹ́ sí ara rẹ̀. Ó gbọ́. Àwọn tí ń pẹja lórí ọ̀sà pàápàá yóò ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ó kàn gbé orí sókè bí ẹni tí eṣinṣin bà lé, ó tún tẹrí ba sórí ìrẹsì rẹ̀.

Kò pẹ́ ni Silifatou, ìyàwó àbúrò ọkọ Mounira, yọ orí láti yàrá kejì. "Ìdílẹ̀kẹ̀ mi!"

"Mo ń bọ̀!" Tasneem ti fò dìde, ó ti sáré tete lọ.

Mounira gbé ọwọ́ lé ikùn. Oyún náà ti wọ oṣù ìbímọ. Ọmọ inú nìkan ló dá a lóhùn láàárọ̀ ọjọ́ náà: ó ta á nípàá gbọnmọ.

Ọdún kan kò tíì pé tí Mùsbáù ọkọ rẹ̀ gbé e wá sí àdúgbò Boribana ní Abidjan. Ọmọ Cocody, àdúgbò olówó, ni Mounira, bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí sí Abidjan, èdè Faransé ni wọ́n sì ń sọ nílé wọn. Yorùbá tí ó gbọ́ ju èyí tí ó lè sọ lọ. Ó ń ta oògùn nínú ilé oògùn kan ní Cocody kí oyún tó dá a dúró. Ó mọ̀ pé òun ń fẹ́ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó mọ̀ pé ọmọbìnrin kan wà. Ohun tí kò mọ̀ ni bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ṣe lè mú kí ilé dá páro tó bẹ́ẹ̀. Kò bú Mounira rí. Tí wọ́n bá fún un ní oúnjẹ, á fi Faransé dúpẹ́, "Mẹ̀sí, Tántì." Ṣùgbọ́n kí Mounira pè é kó dáhùn, ó tì.

Ìyá Àgbà, ìyá Mùsbáù, ló tọ́ Tasneem láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Abọ́ àti ìkòkò ni màmá náà ń tà ní ọjà Roxy ní Adjamé láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Ní báyìí, eegun ti ń dùn ún, ó fẹ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ pátápátá. Ó pe gbogbo ilé jọ lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní:

"Mi ò ní fi tipátipá mú ọmọ yìí lọ, mi ò sì ní fi tipátipá fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí a bá sọ ọmọ tuntun lórúkọ, Tasneem ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bó bá ní òun ó bá mi lọ, kí ẹnikẹ́ni má sunkún."

Láti ọjọ́ náà ni Mùsbáù kò ti lè jẹun tán nínú abọ́ mọ́. Mounira mọ ohun tí ayé yóò wí. Wọ́n á ní ìyàwó Cocody lé ọmọ òkú kúrò nílé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ayé kọ́ ló dùn ún jù. Ó fẹ́ràn ọmọ náà. Ó fẹ́ràn orin tí ó ń kọ sí ìrẹsì.

Ó ra kéèkì, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ó ra ríbọ́ǹ-ùn, wọ́n wé e. Ó kọ́ ọ ní ìṣirò iléèwé, Tasneem gba máàkì gidi. Tó bá tún pè é, kẹ́kẹ́ pa.

Nígbà tó sú u, ó lọ bá Silifatou níbi tó ti ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ aloko lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyálé mi, kí ni mo ṣe fún ọmọ yìí?"

"O ò ṣe nǹkan kan fún un. Ohun tó ń bí i nínú nìyẹn." Silifatou yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ padà nínú epo. "Ìwọ ń pe ọkọ rẹ lórúkọ gbangba, o sì ń retí kó dáhùn."

"Ọkọ mi kẹ̀? Chéri ni mò ń pe Mùsbáù."

Silifatou rẹ́rìn-ín títí tí ṣíbí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sínú epo gbígbóná. "Ta ní ń sọ ti Ṣérì! Tasneem ni mò ń wí. Nígbà tí wọ́n mú ọ wọ ilé yìí, ṣé o bá a níbí àbí o ò bá a?"

"Mo bá a."

"Ẹni tí ìyàwó bá bá nílé, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí ń mu ọyàn, ọkọ rẹ̀ ni. Ìyàwó kì í sì í la orúkọ mọ́ ọkọ lórí. Orúkọ tìrẹ ni wàá wá fún un."

"Mo rò pé Ìdílẹ̀kẹ̀ wà lára orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni."

"Èmi ni mo pè é bẹ́ẹ̀! Ìyàwó Gafarou, ìyàwó ilé bíi tiwa lókè ọ̀hún, Akọ̀wé ló ń pè é. Ìyá tó bí i, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, kò sí ẹni tí kò fún lórúkọ nígbà tó wọ ilé yìí. Taofic ọkọ tèmi, Òpéléńgé ló pè é. Òpéléńgé! Ẹ wá wo ikùn rẹ̀ lónìí." Ó ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú epo, ó dá ẹ̀rín dúró. "Ọmọ yẹn ti ń retí tìrẹ láti ọjọ́ tí o ti dé. Orúkọ ìwé rẹ̀ ni ò ń pè, bí ìgbà tí tíṣà ń pe ọmọ kíláàsì. Ó rò pé o ò fẹ́ ṣe ìyàwó ilé òun ni."

Mounira jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Láti oṣù yìí wá ló ti ń fi kéèkì bẹ ẹni tí ebi kéèkì kò pa.

"Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọ̀kan."

"Orúkọ kì í ṣe ìkòkò tí wọ́n ń yá lọ́wọ́ ìyálé. Ojú rẹ ni wàá fi wá a."

Lọ́jọ́ kejì, Mounira tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe. "Princesse!"

Tasneem yíjú padà. Ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Tántì, Princesse ni ajá Tọ́ńtọ̀n Serge."

Òótọ́ ni. Serge káfíńtà ní ilé kejì ní ajá funfun kan báyìí, ó sì gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó ti ń ju ìrù bọ̀.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó gbìyànjú Awẹ́lẹ́wà. "Ìyẹn ti inú fíìmù ni," ni Tasneem wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Mounira rí i pé etí ọmọ náà ti ń ṣí. Ó ń dúró.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ìyá Àgbà ránṣẹ́ pé kí àwọn méjèèjì wá mú abọ́ ńlá tí wọ́n á fi wẹ ọmọ tuntun ní ìsọ̀ òun ní Roxy. Wọ́n wọ gbaka, ọkọ̀ akérò kékeré, wọ́n sọ̀kalẹ̀ ní Adjamé. Ẹ̀rù ọjà yẹn ń ba Mounira láti kékeré. Láti inú ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti máa ń wò ó, gíláàsì á sì wà ní títì. Èrò ń rọ́ bí omi. Àwọn tí ń ti ọmọlanke, tí àwọn ará Abidjan ń pè ní wotro, ń já bọ̀ láti gbogbo igun.

Tasneem kò sọ nǹkan kan. Ó bọ́ síwájú, ó na apá méjèèjì bí adìẹ tó fẹ́ kó ọmọ sábẹ́ ìyẹ́. Ó ń fi èdè Jùlá lé àwọn oníwotro, ó ń lé àwọn aláàárù. "Ẹ ò rí oyún ni?" ló ń wí, ó tún wí i ní Faransé fún ẹni tí kò gbọ́ Jùlá. Tó bá dé ibi tí òkúta ojú gọ́tà ti fọ́, á fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ kìì kìì kó tó kọjá. Kò wẹ̀yìn rárá.

Ìgbà mélòó kan ni Mounira fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yẹn kó tó yé e pé torí òun ni ọmọ náà ṣe ń lu ilẹ̀. Ó wá rántí àtẹ̀gùn ilé nígbàkúùgbà tí iná bá lọ: ta ní máa ń ṣáájú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, tí á tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn, tí kò ní sọ̀rọ̀? Ọmọ tí kò dá a lóhùn yìí náà ni.

Ojú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn kan gbé mátírẹ́ẹ̀sì gba àárín wọn kọjá. Èrò dí àlàfo náà. Ní àkókò yẹn gan-an ni ìdí rẹ̀ fún un, tí ìrora gbá a mú láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, tó ní láti di òpó ìsọ̀ kan mú. Kò rí Tasneem mọ́. Orí ènìyàn nìkan ló ń rí.

Ó la ẹnu. Orúkọ ìwé náà dé etí ètè rẹ̀, ó gbé e mì. Èyí tó jáde jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ láti ìgbà èwe. Bàbá bàbá rẹ̀ ní Treichville, tí ojú rẹ̀ fọ́ lọ́jọ́ ogbó, èjìká Mounira ni í máa ń dì mú lọ sí mọ́sálásí. Láràárọ̀ ni á máa fi ọ̀pá wá a kiri: "Afinimọ̀nà mi dà?"

"Afinimọ̀nà!" Mounira pariwo. "Afinimọ̀nà o!"

Àwọn oníṣòwò yíjú. Láàárín ẹsẹ̀ èrò, Tasneem dúró gbagidi. Ó rọra yí padà.

"Ta lẹ̀ ń pè?"

"Ìwọ ni."

"Ẹ tún un pè."

"Afinimọ̀nà, ọkọ mi, ọmọ tí ń ríran fún àlejò. Má fi mí sílẹ̀ lọ́nà o!"

"Mo gbọ́!" Ohùn rẹ̀ la ọjà já. Ó fi orí gbá èrò sọ́tùn-ún sósì títí ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì fi èjìká kékeré sábẹ́ ọwọ́ Mounira. "Ẹ dì mí mú. Ṣé ọmọ ti ń bọ̀ ni?"

"Ó ń bọ̀."

Àwọn obìnrin tí ń ta tòmátì ti gbé àpótí wá. Ìyá Àgbà gbọ́ ariwo láti ìsọ̀ rẹ̀, ó já dé pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. "Ta ní ń pe Afinimọ̀nà?"

"Èmi ni wọ́n ń pè," ni Tasneem wí, igbáàyà rẹ̀ sì yọ síwájú bíi ti àkùkọ. "Ẹ dúró tì í, Ìyá Àgbà. Mo ń lọ dá takisí dúró."

Ó dá a dúró lóòótọ́, ó sì jókòó síwájú, ó ń sọ fún awakọ̀ ibi tí kòtò wà.

Ọmọbìnrin ni Mounira bí lálẹ́ ọjọ́ náà, tìyátọmọ yè. Wẹ́rẹ́ báyìí, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mùsbáù wo ilé tirẹ̀, kò tíì mọ̀ bóyá ẹni mẹ́rin ni yóò kù níbẹ̀ tàbí mẹ́ta. Àwọn báàgì Ìyá Àgbà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Àfáà Àbdùlbàkí pe Fadeelah sí ọmọ náà létí, wọ́n ṣe àmín, ẹran àgbò ń ta sánsán nínú ìkòkò. Ìyá Àgbà gbọn ìpèlé rẹ̀.

"Tasneem, ó yá. Ọ̀dọ̀ mi àbí ibí?"

Mùsbáù ń wo ilẹ̀. Mounira gbé ọmọ mọ́ àyà.

"Ẹ máa lọ ire, Ìyá Àgbà," ni Tasneem wí. Omi lé sí i lójú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Tí iléèwé bá ti padé, mo máa wá kí yín. Tí mo bá bá yín lọ báyìí, ta ní máa fi ìyàwó mi mọ̀nà? Kò mọ Adjamé rárá."

Ẹ̀rín bú gbàmù. Mùsbáù fi etí agbádá bo ojú. Ìyá Àgbà fa Tasneem mọ́ra pẹ́, ó wá yíjú sí Mounira.

"Èrò mi ni pé ìyàwó tí ò gbọ́ èdè kò lè mọ ilé. Àṣé mo ṣìnà. Ọlọ́run á bá wa wò ó."

"Àmín, Màmá."

Tasneem ti tún bọ́ sórí ọmọ tuntun. "Èyí ní tiẹ̀, èmi ló bá nílé. Àbúrò mi ni. Orúkọ ni mo máa pè é, kò sẹ́ni tó máa dá mi lẹ́kun. Fadeelah!"

Ọmọ náà la ojú, ó sì figbe ta.

"Ẹ ò rí i?" ni Silifatou wí. "Òun dáhùn lójú ẹsẹ̀. Kò dà bíi ti àwọn kan."

Lọ́jọ́ kejì tí Ìyá Àgbà ti lọ, Mounira wà ní ilé ìdáná nígbà tí ó gbọ́ ohùn lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ti ṣa ìrẹsì tán.

"Ìyàwó mi o!"

Mounira gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ti ìlẹ̀kùn ṣí, ó fi orúnkún kanlẹ̀ díẹ̀ bí ó ti rí i tí Silifatou ń ṣe, ó sì dáhùn kí gbogbo Boribana lè gbọ́:

"Mo ń bọ̀, Afinimọ̀nà!"