Ohun Tí Catherine Ṣe Ní Ọ́fíìsì Ìkòsí

Píì! Píì! Píì! Bí UPS, bátìrì kékeré tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró, ṣe máa ń ké nìyẹn nígbà tí NEPA bá mú iná lọ ní ọ́fíìsì wọn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì n'Ìkòsí. Kálukú á máa sáré pa kọ̀ǹpútà tiẹ̀ kí bátìrì náà tó kú. Ó ti pẹ́ tí Mutolib ti kúrò n'Ìkòsí. Òtútù ìlú òkèèrè ti mọ eegun rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Síbẹ̀, tó bá ku òun nìkan nílé, ariwo yẹn á dé sí i létí, Catherine á sì bá a wọlé sọ́kàn rẹ̀.

Lọ́dún 2006 ni. Mutolib ti lé lógójì ọdún nígbà náà. Báńkì tó ń bá ṣiṣẹ́ ti kógbá wọlé, ló bá lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà láàárín àwọn ọmọ tó lè bí. Ọ̀gá Shittu, tó ni ọ́fíìsì náà, gba òun àti Catherine lọ́jọ́ kan náà, ó ní òun á dán wọn wò ná, torí agbára òun ò ká ju ẹnì kan lọ. Catherine ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọsibítù kan ní Gbàgádà ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Ìkànnì mẹ́ta ló wà lórí sáfà kan ṣoṣo, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó gbé gbogbo wọn: ti káàdì, ti oògùn, ti láàbù. Dátábéèsì kan náà, níbi tí àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wà, ni gbogbo wọn ń lò, ṣùgbọ́n kálukú ló ní fáìlì tiẹ̀ tó ń júwe ọ̀nà ibẹ̀. Tí wọ́n bá pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù, ó di ibi mẹ́ta kí wọ́n tó tún un ṣe tán.

“Ẹ kó gbogbo ẹ̀ síbì kan,” ni Ọ̀gá wí fún Mutolib. “Ọ̀nà kan ni kí wọ́n máa gbà.”

Mutolib ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ̀nà kan sínú fáìlì sáfà fúnra rẹ̀, ó pa ọ̀nà tó wà nínú fáìlì ìkànnì kọ̀ọ̀kan rẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ti káàdì ṣí wẹ́rẹ́. Ti oògùn kọ̀, ti láàbù náà kọ̀. Ọsibítù ń pè lemọ́lemọ́ pé àwọn aláìsàn ti tò dé ẹnu géètì.

Ọ̀gá Shittu gbé kẹ́tùlù àlùwàlá lọ́wọ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. “Alàgbà Mutolib, tí oògùn ò bá tíì ṣí kí n tó kírun Jímọ̀ dé, ẹ gbé báàgì yín.”

Mutolib padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ó yẹ páswọ́ọ̀dù wò, ó pé. Ó yẹ dátábéèsì wò, ó ń ṣiṣẹ́. Ìdáhùn kan náà ni sáfà ń fún un: kò rí ọ̀nà kankan.

Ká ní Catherine jókòó jẹ́jẹ́ ni, iṣẹ́ náà ti di tiẹ̀. Ńṣe ló fa àga rẹ̀ wá.

“Uncle, ẹ sún díẹ̀. Ẹ̀ ń tẹ kíbọ́ọ̀dù bíi pé ẹ̀ ń gúnyán.”

“Catherine, má jẹ́ kí wàhálà mi ràn ẹ́.”

“Wàhálà kì í ṣe ikọ́, kì í ranni.” Ó ka ojú kọ̀ǹpútà títí, ó wá rẹ́rìn-ín. “Kí ni wọ́n ń pe àbíkẹ́yìn yín nílé?”

“Aliyah ni. Ìyá mi ń pè é ní Ìdùnnú, ìyá ìyàwó mi ń pè é ní Àpínkẹ́.”

“Tí mo bá wá pe Àpínkẹ́ lẹ́nu ọ̀nà yín ńkọ́?”

“Aliyah náà ló máa jáde.”

“Torí pé ènìyàn ni. Sáfà ò mọ orúkọ tí ìyá àgbà ń pe ọmọ o! Ẹni mẹ́ta ló kọ ìkànnì wọ̀nyí, kálukú ló sọ ọ̀nà dátábéèsì lórúkọ tó wù ú. Èwo lẹ kọ síbi tuntun?”

“Èyí tí ti káàdì ń lò.”

“Ẹ ò rí i! Ti oògùn ń pe Àpínkẹ́, sáfà ní òun ò mẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.”

Wọ́n kọ ìlà kan ṣoṣo sínú fáìlì ìkànnì oògùn, wọ́n kọ ọ̀kan sínú ti láàbù: ẹni tí ẹ̀ ń pè ní lágbájá, òun ni wọ́n ń pè ní tàmẹ̀dò ní sáfà. Wọ́n pa sáfà, wọ́n tún un tàn. Ti oògùn ṣí. Ti láàbù ṣí. Mutolib fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Ọ̀gá dé. “Ta ló ṣe é?”

“Catherine ni, sà. Èmi ò rí i.”

“Tó bá jẹ́ òun ló rí i, kí ni mo wá ń fi ẹ̀yin ṣe?”

Mutolib na ọwọ́ sí báàgì rẹ̀. Catherine ló dáhùn. “Ọ̀gá, ẹ má da ara yín láàmú. Mo ti ríṣẹ́ ní Magodo, Mọ́ńdè ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún Uncle mi.”

Bí Mutolib ṣe dúró níbi iṣẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ yẹn ló fi rán ọmọ níwèé, iṣẹ́ yẹn náà ló gbé e kọjá òkun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Dayọ̀, tí wọ́n jọ wà ní ọ́fíìsì náà, ń bá a tàkúrọ̀sọ lórí fóònù, tí Mutolib mẹ́nu kan iṣẹ́ Catherine ní Magodo. “Magodo wo? Uncle, kò síṣẹ́ níbì kankan! Ilé ni Catherine jókòó sí títí ọdún yẹn fi parí. Ó ní ẹ lọ́mọ mẹ́ta, pé ẹnu òun nìkan lòun ń bọ́.”

Mutolib wá bírò. Ó gba nọ́ńbà Catherine lọ́wọ́ Dayọ̀. Ó kọ̀wé, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Nígbà tó yá, ó fi èyí ránṣẹ́:

“Catherine, Uncle Mutolib ni, ti ọ́fíìsì Ìkòsí. Dayọ̀ ti sọ ti Magodo fún mi. Oúnjẹ rẹ lèmi àti àwọn ọmọ mi ti ń jẹ látọjọ́ yẹn, a ò mọ̀. O ṣé, ọmọ dáadáa. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o ṣe aláìní ẹni tó máa sún àga tì ọ́. Jọ̀ọ́, sọ ìgbà tí mo lè pè. Mo fẹ́ fẹnu ara mi sọ ọ́.”