Ẹnu Rahmatullah

Ọ̀nà mẹ́rin ni ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì náà pín sí: gbígbọ́, kíkà, kíkọ, sísọ. Etí Rahmatullah yege, ojú rẹ̀ yege, ọwọ́ rẹ̀ náà yege. Ẹnu ló kọsẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Méje nínú mẹ́sàn-án ni ilé ìwòsàn òkè òkun tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń béèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnu rẹ̀ mú márùn-ún wálé. Wọ́n ti kọ̀wé sí i pé bí oṣù yìí bá parí láìsí méje, ẹlòmíràn ni àwọn yóò gbé ipò náà fún.

Ó gun ọ̀kadà láti Fìdítì, ó di Ìlọrà, lọ́dọ̀ Tíṣà Ṣàngótóyè. Ẹni tó bá dàgbà lágbègbè yẹn kò lè gbàgbé Tíṣà, tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ni nílé ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi, tó kọ́ Àwẹ̀ní, ìyá Rahmatullah, ní Gẹ̀ẹ́sì. Abẹ́ igi máńgòrò ló wà, ó ń bó ọsàn.

Rahmatullah kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, sà."

"Káàsán, ọmọ Àwẹ̀ní. Dìde." Ó wo ìwé èsì náà lọ, ó wò ó bọ̀. "Ẹni tó kọ̀wé báyìí kọ́ ló yẹ kó gba márùn-ún lẹ́nu. Kí lo sọ fún wọn?"

"Ìyá àgbà kan ló dán ẹnu mi wò, sà, irun wọn funfun bí òwú. Wọ́n ní àwọn rò pé ìlú ńlá ló dára láti tọ́mọ. Mo ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, mà.'"

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lo rò?"

"Rárá, sà."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Wọ́n jù mí lọ, sà."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ọsàn fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "O kúnlẹ̀ kí ìyá yìí tán, o dìde, o wá gbàgbé ẹnu rẹ sórí ìkúnlẹ̀!"

Òótọ́ ni. Nílé wọn ní Fìdítì, bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ilẹ̀ lọmọ ń wò. Ta ló tó bá a jiyàn?

"Láti òní lọ, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wàá máa wá bá mi jiyàn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ojú mi ni kí o máa wò. Ó yá: mo ní ọsàn Ìlọrà dùn ju ti Fìdítì lọ."

Ọmọ Fìdítì wo ni yóò gbọ́ ìyẹn tí inú kò ní bí? Rahmatullah lanu, ó pa á dé, ó tún là á.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Òdo!" Tíṣà fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ lu ilẹ̀.

Lójoojúmọ́, bó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ nílé ìwòsàn Jobele, ọ̀dọ̀ Tíṣà ló ń gbà lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó sọ pé òun kò rò bẹ́ẹ̀, òógùn bò ó. Lọ́jọ́ kẹrin, ó fi ìdí ọ̀rọ̀ kún un. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Màmá Dorothy, ìyàwó Tíṣà, yọjú láti ilé ìdáná.

"Ṣé kò sí o? Ìjà ni?"

"Ọmọ yìí ní ahọ́n mi ti kú, ni mi ò ṣe mọ ọsàn tó dùn!"

"Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì," ni Màmá wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́."

Bó bá ń padà lọ sílé, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa sọ sí atẹ́gùn lẹ́yìn Yúnúsà ọlọ́kadà.

"Nọ́ọ̀sì, ta lẹ ń bá jà?"

"Tíṣà ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a jà jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ má bàa bì wá ṣubú."

Ọjọ́ ìdánwò kẹta pé, ní Ìbàdàn, àgbàlagbà ni wọ́n tún fi síwájú rẹ̀, bàbá onírùngbọ̀n funfun. Orúnkún Rahmatullah tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó kí wọn, ó jókòó, ó wojú wọn.

"Èmi rò pé ilé ìtọ́jú arúgbó ló dára jù fún àwọn àgbà," ni bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ti dé orí ahọ́n. Ó gbé e mì.

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò gbà."

Ó wá sọ ti Bàbá Àkànbí, arúgbó kan tí kì í lo oògùn ní Jobele àfi bí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá dé tó fi oríkì kì í. Ó wá Gẹ̀ẹ́sì fún oríkì, kò rí i. Kò dúró. Ó ní orúkọ tí wọ́n fi ń pe orí ẹni jí ni. Bàbá dáwọ́ ìwé kíkọ dúró, ó ń gbọ́. Aago lu, Rahmatullah ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí oṣù parí tí èsì dé. Tíṣà gbé ìwé náà súnmọ́ ojú. Sísọ: méje àbọ̀. Ó tún wo ìsàlẹ̀.

"Kíkọ rẹ ti wálẹ̀, láti mẹ́jọ sí méje. Ọ̀lẹ ni ọ́."

Lórí ìkúnlẹ̀ tó wà, Rahmatullah gbójú sókè. "Mi ò gbà, sà."

Tíṣà bó ọsàn kan fún un. "Gbà. Ti Ìlọrà ni."

Ó mu ún tán pátápátá, ó nu ẹnu rẹ̀.

"Ó ṣì kan, sà."